Bí Tẹlifóònù Kò Bá Rí Kọ̀ǹpútà Kíláàsì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni a tọ́jú ẹ̀kọ́ kíkà sí. Òun ni olùtajà. Tẹlifóònù yín ni oníbàárà. Bí oníbàárà kò bá rí ọjà, ẹ má sáré lọ ra mégà. Wi-Fi inú kíláàsì ni wọ́n fi ń pàdé, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ 127.0.0.1:8080 sí orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. 127.0.0.1 túmọ̀ sí «ilé mi». 8080 ni ilẹ̀kùn tí a ṣí fún ẹ̀kọ́ wa; bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ilẹ̀kùn 80 ni yóò lọ kàn. Bí ẹ̀kọ́ kò bá ṣí níbẹ̀, a kò tíì tan ètò tí ń pín ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Bí ó bá ṣí níbẹ̀, tí kò ṣí lórí tẹlifóònù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń tẹ 127.0.0.1 kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé «ilé mi», ilé tirẹ̀ ni ó ń wí. Inú ara rẹ̀ ni tẹlifóònù yóò ti máa wá ẹ̀kọ́! Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ni kí ẹ tẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ẹ sì fi :8080 kún un. Nọ́ńbà yìí lè yí padà bí a bá pa Wi-Fi tí a tún tàn án. Nọ́ńbà àná tí mo gbàgbé sójú pátákó ti fi ìdajì wákàtí wa ṣòfò rí.

Bí tẹlifóònù bá kọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dé ilé, ilẹ̀kùn ni a kò ṣí. Bí ó bá ń yí títí, bóyá Wi-Fi mìíràn ni ẹ wà, tàbí aṣọ́nà inú kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́ kí àlejò wọlé. Ẹ pe olùkọ́ kí ó bá aṣọ́nà náà sọ̀rọ̀.