Bí Ìdílé Bá Jókòó Yí Tábìlì Tẹ́tẹ́ Ká

Ní ìlú Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí aṣálẹ̀ ti yí ìlú ká tí iná mànàmáná kò sì jẹ́ kí ènìyàn mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, kò ṣe àjèjì rárá kí a rí bàbá àgbà, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn tí ó ti tójú bọ́ àti àna wọn kan, kí gbogbo wọn jókòó yí tábìlì kan ká, kí wọ́n máa ta tẹ́tẹ́, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó wá síbi ìkómọ. Bí àwọn àgbà ilé wa bá gbọ́ èyí, àfàìmọ̀ kí wọ́n má káwọ́ lérí, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, èébú ni kí a pe ènìyàn ní atatẹ́tẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà a máa lọ síbẹ̀ lásìkò ìsinmi, nítorí náà ó tọ́ kí a la ohun tó ń bẹ nídìí tábìlì náà yé ara wa.

Ọdún 1931 ni ìjọba Nevada fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ títa, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onílé tẹ́tẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọn yóò ṣe fa tọmọtọmọ wọ ìlú náà. Jay Sarno, ọ̀kan nínú wọn, ṣí ilé tẹ́tẹ́ Circus Circus ní 1968, níbi tí àwọn eléré ti ń fò lókè nígbà tí àwọn atatẹ́tẹ́ dorí kodò nísàlẹ̀. Ní 1993, ilé tẹ́tẹ́ MGM Grand ṣe ọgbà ìṣeré ńlá kan fún tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n ọgbà náà kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi tì í pa. Èmi kò bá wọn kẹ́dùn. Òfin Nevada kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 ta tẹ́tẹ́. Ọmọdé lè bá òbí rẹ̀ kọjá láàárín gbọ̀ngàn náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró wòran. Ìdílé tí mò ń sọ, ìdílé àgbàlagbà ni.

Ẹni tó bá dé ìdí tábìlì kì í fi owó lé ẹni tó ń pín káàdì lọ́wọ́; orí tábìlì ni ó ń gbé e sí, kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó wà ní àjà lè rí i, nítorí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. A ó ka owó náà ní gbangba, a ó sì fún un ní àwọn chip, ìyẹn àmì roboto tó dúró fún owó: èyí tó pupa sábà máa ń jẹ́ dọ́là 5, aláwọ̀ ewé jẹ́ 25, dúdú jẹ́ 100. Ọgbọ́n àrékérekè wà nínú èyí, nítorí ọwọ́ tí í máa gbọ̀n bí ó bá fẹ́ ná dọ́là 100, kì í gbọ̀n bí ó bá ń ti roboto dúdú kan síwájú. Bí ẹni tó ń pín káàdì bá sì fẹ́ kúrò nídìí tábìlì, yóò pàtẹ́wọ́, yóò yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, kí gbogbo ojú rí i pé òun kò mú nǹkan kan dání.

Ìdí roulette ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ bí ilé tẹ́tẹ́ ṣe ń jèrè kọ́kọ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ kan ni, tí ó ní ojú 38 ní Amẹ́ríkà: 1 títí dé 36, ìdajì pupa, ìdajì dúdú, pẹ̀lú 0 àti 00 tí àwọ̀ tiwọn jẹ́ ewé. Ẹni tó bá fi dọ́là kan lé nọ́ńbà kan, tí bọ́ọ̀lù kékeré inú kẹ̀kẹ́ náà sì bọ́ síbẹ̀, yóò jẹ dọ́là 35, yóò sì gba ọ̀kan tirẹ̀ padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní bàbá kan fi dọ́là kọ̀ọ̀kan lé gbogbo ojú 38 lẹ́ẹ̀kan náà, dandan ni kí ó jẹ, síbẹ̀ dọ́là 36 péré ni yóò kó padà nínú 38. Dọ́là 2 tó kù ni ti onílé, èyí tí í ṣe dọ́là 5 àti sẹ́ǹtì 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí èrú; díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kẹ̀kẹ́ ti Yúróòpù ní òdo kan ṣoṣo, nítorí náà ti onílé kò ju dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 70 lọ. Òun ni kí ẹ jókòó tì bí ẹ bá rí i, kí ẹ sì sá fún èyí tó ní òdo mẹ́ta, nítorí ó ti wà ní Las Vegas báyìí.

Ohun mìíràn tún ń bẹ tó ń kó ènìyàn sí gbèsè ju òdo lọ, èyí ni ìgbàgbọ́ pé ohun tó ti ń pẹ́ kò ní pẹ́ mọ́. Nídìí roulette ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo ní Yúróòpù, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1913, bọ́ọ̀lù bọ́ sí dúdú ní ìgbà 26 léraléra. Bí dúdú ti ń tún dúdú ṣe ni àwọn ènìyàn ń rọ́ owó lé pupa, tí wọ́n ń sọ nínú ara wọn pé ó ti tó àsìkò tirẹ̀, títí ọ̀pọ̀ wọn fi pàdánù owó rẹpẹtẹ. Kẹ̀kẹ́ kì í rántí ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀.

Blackjack yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ọgbọ́n orí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: a ń wá káàdì tí àròpọ̀ rẹ̀ yóò súnmọ́ 21 láì kọjá rẹ̀. Edward Thorp, onímọ̀ ìṣirò, kọ ìwé kan ní 1962 tó fi hàn pé ẹni tó bá ń ṣọ́ káàdì tó ti jáde lè borí onílé. Àwọn onílé náà kò sùn. Wọ́n fi kún iye páálí káàdì tí wọ́n ń lò. Lónìí, ẹ wo ohun tí a kọ sórí aṣọ tábìlì kí ẹ tó jókòó: tábìlì tí ó ń san 3 sí 2 yóò fún ẹni tó fi dọ́là 10 ta, tí káàdì méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ sì pé 21, ní 15, ṣùgbọ́n èyí tó ń san 6 sí 5, dọ́là 12 ni yóò fún un. Ní ti craps tí a ń fi dáìsì ta, òun ni mo rò pé ó bá ìdílé mu jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó yí i ká ni wọ́n jọ ń ta sí ìhà kan náà, tí ẹnìkan bá jẹ, ariwo ayọ̀ gbogbo wọn ni.

Ìṣòro tó kan àwa Yorùbá jù kò sí nínú káàdì. Ta ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó tó, ẹ dìde? Bí ó bá ti ń wá Ajé Ògúgúlùsọ̀ nídìí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́, tí ọtí tí kò san kọ́bọ̀ lé lórí sì wà níwájú rẹ̀, ọmọ tó bá là á lóhùn di aláìmọwàáhù. Nítorí náà, ilé ni kí a ti pín owó: kí oníkálukú gba iye tí ìdílé lè ná síbi eré orí ìtàgé láì banújẹ́, kí owó yòókù wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ta, kí ẹnikẹ́ni má sì yá àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lówó níbẹ̀.

Àwọn ará Singapore ti fi òfin yanjú ọ̀ràn yìí. Láti ìgbà tí ilé tẹ́tẹ́ méjì ti ṣí níbẹ̀ ní 2010 ni ọmọ onílẹ̀ ti ń san owó kó tó wọlé, ó sì ti di dọ́là 150 ti ilẹ̀ wọn láti 2019, nígbà tí àlejò kì í san nǹkan kan. Ju èyí lọ, ọkọ, aya, òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹni lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹbí òun kan tí tẹ́tẹ́ ti fẹ́ sọ ilé rẹ̀ dahoro wọlé mọ́, bí ìgbìmọ̀ bá sì rí i pé òótọ́ ni, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò dá a padà. Nínú gbogbo òfin tẹ́tẹ́ tí mo mọ̀, èyí ni mo rí pé ó bọ̀wọ̀ fún ìdílé jù lọ.