Ìta Ni Ilé Àdògán Èédú



Ọ̀rọ̀ àdògán èédú la fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá èyí tí wọ́n fi páànù ṣe ara rẹ̀, tí wọ́n fi amọ̀ sísun tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja, tí ẹ ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Amọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru lọ lásán. Èédú díẹ̀ á se oúnjẹ púpọ̀, owó á sì kù sí yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ohun tó mú un dára náà ló mú un léwu. Bó ṣe ń pa ooru mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń pa iná mọ́. Bí ẹ bá sọ ìkòkò kalẹ̀ lálẹ́, tí ẹ rí eérú funfun lójú èédú, ẹ lè rò pé iná ti kú. Kò tíì kú! Ẹyin iná lè wà lábẹ́ eérú fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Èédú tó ń jó máa ń tú atẹ́gùn burúkú kan jáde. Nílé ìwòsàn, wọ́n ń fi èdè Faransé pè é ní monoxyde de carbone. A kì í rí i, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú bí èéfín igi. Bí a bá fà á símú, ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti sùn lè má jí mọ́. Ó ń pa ọmọ inú aboyún lára pẹ̀lú. Àwọn kan á ní, "Èédú tèmi kò rú èéfín, kí ló fẹ́ ṣe?" Ohun tó ń tan ni jẹ gan-an nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́, tàbí nígbà òjò, tàbí nígbà tí ìyá ọlọ́mọ tuntun fẹ́ kí ara ọmọ móoru, àwa náà la máa ń gbé àdògán wọ yàrá, tí a ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ kò tó. Ẹ gbé ọmọ mọ́ àyà, ẹ dé fìlà fún un, ẹ fi aṣọ bò yín méjèèjì.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀mú kó ẹyin iná sínú ìkòkò irin tó ní ọmọrí, ẹ dé e pa, ẹ fi í síta níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Èédú tó bá kù, ẹ ó tún un lò lọ́la. Bí àdògán bá ti ṣófo, tó tutù, ẹ lè gbé e wọlé.

Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Bó bá jẹ́ tuntun, iná kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sí i, kí omi inú amọ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ìta ni kí ẹ ti dá a. Igi wẹ́wẹ́ tàbí háhá àgbàdo gbígbẹ ló dára. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí rọ́bà dá iná, ẹ má sì da epo sí iná tó ti ń jó.

Láràárọ̀, bó bá ti tutù, ẹ kó eérú rẹ̀. Bí eérú bá dí àwọn ihò inú rẹ̀, iná kò ní rí afẹ́fẹ́, atẹ́gùn burúkú yẹn á sì pọ̀ sí i.

Ẹ má da omi sí i nígbà tó gbóná, amọ̀ á sán. Bó bá sán díẹ̀, ẹ po amọ̀ mọ́ eérú, ẹ fi dí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá fọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe é.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti mú èèyàn?

Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbé ni, oorun á kùn ni. Ó máa ń jọ ibà, ṣùgbọ́n ara kì í sábà gbóná. Bó bá ń ṣe ará ilé méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí èédú sì wà nítòsí, ẹ fura!

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé gbogbo wọn bọ́ síta kíákíá, kí ẹ má dúró pẹ́ nínú yàrá. Ẹ má rọ epo pupa tàbí wàrà sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, ó lè bá ọ̀nà òdì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, bí ara wọn tilẹ̀ ti ń yá, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èédú ń jó nínú yàrá.

Ẹ̀yin ìyá, kí la sọ? Ìta ni ilé àdògán. Kó tó wọlé, kí iná kú, kí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún aládùúgbò rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.