Mẹkáníìkì Alùpùpù àti Iṣẹ́ Abẹ́ Táǹkì

Mẹkáníìkì alùpùpù ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń tún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣe, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́kadà, ti àgbẹ̀ tàbí ti olùkọ́ tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Bóyá ni ìlú kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní tirẹ̀. Ibùdó rẹ̀ kì í ṣòro dá mọ̀: abẹ́ igi tàbí abẹ́ páànù létí títì, ilẹ̀ tó ti dúdú fún ọ́ìlì, àpótí irinṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta, àti òkú alùpùpù kan tí wọ́n ń yọ nǹkan lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ nígbà tí alùpùpù ilẹ̀ Japan gba ọjà mọ́ ti Ìlú Ọba lọ́wọ́. Owó Udoji tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1974 sí 1975 sọ ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ di alálùpùpù, nígbà tó sì di 1979, Honda dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì àgbà mọ̀ bí ẹni mowó ni Honda CG125, tó jáde ní 1976. Àwọn tó ṣe é ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń lo alùpùpù láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, wọ́n sì rí i pé ẹrù máa ń pọ̀ lórí rẹ̀, ọ́ìlì kì í sì í tètè rí pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́nà tí kò díjú, tí wọ́n sì fi páànù bo ṣéènì rẹ̀ látòkè délẹ̀ kí eruku má bàa jẹ ẹ́. Lónìí, Bajaj àti TVS láti ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú oríṣiríṣi ti Ṣáínà ló kún títì. Honda àtijọ́ ti di ohun tí èèyàn ń kó pamọ́ tàbí tí àgbẹ̀ kò fẹ́ fi sílẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ni wọ́n ń gbé e fún.

Ìkọ́ṣẹ́ ni ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Òbí á mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á kọ ìwé àdéhùn níwájú onígbọ̀wọ́, ọmọ á sì lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iṣẹ́ jíjẹ́ àti fífọ àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ni ọmọ iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì títú ló ń gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ̀ọ̀mù, àdúrà, oúnjẹ àti ọtí kì í gbẹ́yìn, ọ̀gá á sì fa irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ìjọba lè jókòó fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ ètò iṣẹ́ ń ṣe ní ìpele mẹ́ta. Ògún, òrìṣà irin, sì ni aláàbò gbogbo wọn: ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń dáwó nígbà tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì bá fẹ́ ṣọdún rẹ̀.

Láàárín iṣẹ́ jíjẹ́ àti ẹ́ńjìnnì títú ni táǹkì epo àti kébù wà. Kébù jẹ́ okùn irin tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ pọ̀, tó ń rìn nínú ọ̀pá oníhò rírọ̀ kan. Bí ọwọ́ bá fa okùn inú, ọ̀pá òde kò ní sún kì, agbára á sì dé ibi tí ọwọ́ kò tó. Ernest Bowden, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1896. Mẹ́rin ló wà lára CG125: ti kílọ́ọ̀ṣì, ti tọ́tù tó ń fi epo fún ẹ́ńjìnnì, ti bírékì iwájú, àti ti míta ìwọ̀n eré, tó jẹ́ pé yíyí ló ń yí nínú, wọn kì í fà á. Bírékì àti míta kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú táǹkì. Tọ́tù ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí kábúrétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì sì gba ọrùn férémù, níbi tí ihò táǹkì ti bo wáyà àti kébù mọ́lẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan táǹkì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù. Ọmọ iṣẹ́ á ti táàpù epo, á tú ìjókòó kúrò torí pé òun ló bo bóòtù ẹ̀yìn táǹkì, á sì fi píláyà fún kílíìpù kó lè yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀. Bí bóòtù ẹ̀yìn bá ti jáde, ó ku ọgbọ́n: iwájú táǹkì kò ní bóòtù, orí rọ́bà méjì lára férémù ló há sí. Ńṣe ni wọ́n ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí wọ́n tó fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Aláìmọ̀kan á kọ́kọ́ já iwájú sókè, rọ́bà á ya, táǹkì á sì máa lu férémù títí ayé. Ó dára kí epo inú rẹ̀ ti dín kù, nítorí lítà 10 wúwo ju kílò 7 lọ, ó sì ń mì lọ mì bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

Iná ni wọ́n ń ṣọ́ra fún jù. Atẹ́gùn epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà, ó sì lè dé ìdí ẹ̀rọ wẹ́dà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kí ẹnikẹ́ni tó fura. Táǹkì tí epo inú rẹ̀ ti tán kò dín ewu kù. Òun gan-an ló burú láti jó, torí atẹ́gùn epo ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rọ omi sí i kí iná tó kàn án. Bó bá ti dípẹtà nínú, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ṣéènì àtijọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì ni wọ́n ń mì sínú rẹ̀ títí ìpẹtà á fi ṣí.

Bí táǹkì bá ti kúrò, kí kébù àtijọ́ tó jáde, mẹkáníìkì tó gbọ́n á so òwú mọ́ ìdí rẹ̀. Bí kébù ṣe ń jáde ni òwú ń wọlé rọ́pò rẹ̀, èyí tuntun á sì tọ ipasẹ̀ òwú náà. Wọ́n á ti wọn méjèèjì pọ̀ ṣáájú, torí kébù tó kúrú díẹ̀ yóò máa fà nígbà tí hándù bá yí. Wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù ṣe àrọ lórí rẹ̀, wọ́n á máa kán ọ́ìlì sí i títí yóò fi yọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìfọwọ́wọ̀n: orí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rìn lófìfo tó mílímítà 10 sí 20 kó tó di pé ó fa nǹkan, tọ́tù 2 sí 6, bírékì iwájú 20 sí 30. Kílọ́ọ̀ṣì tí kò ní àyè yìí á máa yọ̀, á sì jó àwo rẹ̀. Ìdánwò ìkẹyìn máa ń wáyé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́: wọ́n á yí hándù láti ọ̀tún dé òsì pátápátá. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ga sókè, kébù há síbì kan, táǹkì tún gbọ́dọ̀ kúrò.

Ibi yìí ni wọ́n ti ń mọ mẹkáníìkì yàtọ̀ sí ajámọpẹ́rẹ́. Ọlọ́kadà tó dúró ń pàdánù owó, kò sì fẹ́ kí wọ́n tú ìjókòó rárá. Nítorí náà ni àwọn ajámọpẹ́rẹ́ ṣe ń mú kébù tuntun gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì, tí wọ́n ń fi okùn so ó mọ́ férémù, tàbí kí wọ́n fi okùn bírékì kẹ̀kẹ́ ológeere rọ́pò rẹ̀. Fún kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn lè gbé èèyàn délé. Fún tọ́tù, ìwà òmùgọ̀ ni, torí tọ́tù tó bá há ní ṣíṣí kò ní jẹ́ kí eré dín kù nígbà tí ẹni tó gùn ún bá fẹ́ dúró.

Ẹ̀yà tuntun ti Honda àtijọ́ kò wọ́pọ̀ mọ́. Nnewi, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ni ọjà ẹ̀yà alùpùpù tó lókìkí jù ní Nàìjíríà, àmọ́ púpọ̀ kébù tó ń ti ibẹ̀ wá jẹ́ ti àwọn alùpùpù tuntun, mẹkáníìkì á sì mú èyí tó gùn jù, á gé e, á jó lẹ́ẹ̀dì sórí rẹ̀. Ní Èkó, òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2022 dín oníbàárà àwọn mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ kù. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣì ń ná títì, kébù ló sì ń fa kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù tirẹ̀ náà.