Ilé àti Orúkọ: Yíyan Alágbàta Orúkọ àti DNS Ayípadà fún Kọ̀ǹpútà Inú Ilé

1. Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kí ẹbí máa rí fọ́tò àti ìwé inú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mu. Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀; orúkọ ni ènìyàn ń rántí. DNS, tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní 1983, ni ó ń tú orúkọ sí nọ́ńbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì a máa yí nọ́ńbà ilé padà láìsọ fún onílé.

2. Wíwo Ilé
Kí onílé tó náwó sórí orúkọ, kí ó wo nọ́ńbà tí ráútà rẹ̀ gbà. Bí ó bá wà láàrin 100.64.0.0 àti 100.127.255.255, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2012, ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ó jùmọ̀ ń lo nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo. DNS ayípadà kò lè mú àlejò dé irú ilé bẹ́ẹ̀ tààrà. Àfi kí onílé béèrè nọ́ńbà tirẹ̀, tàbí kí ó lo IPv6.

3. Yíyan Alágbàta
Alágbàta ni ó ń bá ènìyàn fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ó ń ṣàkóso rẹ̀. NiRA ni ti orúkọ tí ó parí sí.ng. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní wíwò: iye owó àtúnsan ọdọọdún, nítorí owó ọdún kìn-ín-ní lè jẹ́ ìdẹ, òmìnira láti kó orúkọ lọ sọ́dọ̀ alágbàta mìíràn, àti àyè fún kọ̀ǹpútà láti yí àkọsílẹ̀ DNS padà fúnra rẹ̀. Orúkọ onílé gan-an ni kí ó wà nínú ìwé, kì í ṣe ti ẹni tí ó bá a rà á.

4. DNS Ayípadà
Ètò kékeré kan nínú ráútà ni ó ń ṣọ́ nọ́ńbà. Bí ó bá yí, yóò ròyìn rẹ̀ fún DNS. Bí àkókò ìpamọ́ àkọsílẹ̀ náà bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5, àlejò kò ní ṣìnà pẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń fúnni ní orúkọ ọ̀fẹ́ lábẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ní 2014 ni Dyn fòpin sí ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò sanwó pàdánù àdírẹ́sì tí ó ti fún tẹbí tọ̀rẹ́.

5. Àgbálọgbábọ̀
Iṣẹ́ alágbàta yàtọ̀ sí ti DNS ayípadà. Ẹni tí ó bá ni orúkọ tirẹ̀ lè pààrọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, kí àlejò má tilẹ̀ mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ń san owó orúkọ náà lásìkò.