Èrè, Èlé àti Ojú Owó

Àwọn ògbufọ̀ mìíràn a máa pe èlé ní èrè. Àṣìlò yìí léwu nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Bí oníṣòwò bá yá 10,000 náírà, tí ó fi ra iṣu, tí ó sì tà á ní 13,000, ojú owó ni 10,000. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 1,000, tí èlé sì jẹ́ 500, èrè rẹ̀ kù sí 1,500.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ìwọ̀fà dúró fún èlé nìkan. Kò dín ojú owó kù. Mo dábàá pé kí a fi èrè sílẹ̀ fún ọjà, kí a sì fi èlé sílẹ̀ fún owó yíyá. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn yóò jẹ ojú owó, yóò ní èrè ni òun jẹ.