Ẹ fẹ́ mú ajá lọ sétí òkun Àgbádárìgì? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé

Lọ́jọ́ ìsinmi, èrò máa ń wọ́ lọ sétí òkun Àgbádárìgì. Àwọn kan á lọ sí Coconut Beach, àwọn míì á wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, níbi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Àwọn tó ń sin ajá náà wà lára wọn, àwọn kan ò sì fẹ́ fi tiwọn sílẹ̀ nílé. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ajá tó mọ àgbàlá ilé nìkan ò mọ òkun, àwọn èrò tó máa bá níbẹ̀ náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Abẹ́rẹ́ ló ṣáájú

Kí ajá tó jáde nílé, ó ti gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ajá ló ń kó àrùn yìí ran èèyàn jù lọ. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ẹnì kan, ó ṣọ̀wọ́n kó tó yè é. Dókítà ẹranko ló ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má dúró dìgbà tí ìrìn àjò bá ku ọ̀la, torí ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ má tú okùn ọrùn rẹ̀

Òórùn ẹja yíyan, ariwo orin àtàwọn ọmọdé tó ń sáré lè mú kí ajá tó ń gbọ́ràn nílé kọ etí ikún. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ ọ́: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ má sì sọ fún ẹni tẹ́rù ń bà pé, "Kì í bu èèyàn jẹ." Ṣe lẹ fa okùn yín sún mọ́ra.

Bó bá wá géèyàn jẹ ńkọ́? Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo pupa sí i. Bí egbò náà ò bá tiẹ̀ jìn, ẹ má fojú kéré ẹ̀.

Oòrùn, iyanrìn àti omi

Ajá kì í làágùn bí èèyàn. Ó máa ń yọ ahọ́n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ara rẹ̀ lè tutù. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù fún un. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iyanrìn. Bẹ́ ò bá lè fi síbẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú àáyá 5, á jó ajá lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé omi mímu dání, torí omi òkun lè mú kó bì, kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ má tì í mọ́nú ọkọ̀ rárá.

Ìgbì òkun Àgbádárìgì lágbára, omi tó ń padà sẹ́yìn sì lè fa ajá lọ sójú agbami. Bó bá gbé e, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ ké sáwọn tó mọ omi náà dáadáa.

Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi ọ̀rá kó o. Aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ajá tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú iyanrìn, tó sì máa ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé sára ẹni tí ò wọ bàtà. Ọmọdé tó ń fi iyanrìn ṣeré ló sì máa kọ́kọ́ kó o.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára ajá, kẹ́ ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ìgò fọ́ sí i. Inú ajá á dùn, ẹni tó bá pàdé níbẹ̀ náà á sì padà sílé láìfarapa.