Jẹjẹrẹ Àpò Ọkàn: Kí Ló Dé Tí A Kì Í Rí I?

Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yí ọkàn ènìyàn ká, tí kì í jẹ́ kí ọkàn máa ha ara mọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń lù. Jẹjẹrẹ kan máa ń hù lára àpò yìí. Ọmọ ìyá ni òun àti èyí tó ń hù lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ mú káàkiri ayé, ti ọkàn kì í pé ẹnì kan. Ẹni tó bá wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ní òun kò gbọ́ ọ rí kò purọ́. Síbẹ̀, a kò lè torí pé a kò rí i kí a ní kò sí, nítorí ọ̀nà tí a fi ń mọ àìsàn ọkàn lọ́dọ̀ wa gan-an lè bò ó mọ́lẹ̀.

Omi ló sábà máa ń gbára jọ sínú àpò náà. Èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àyà á máa dunni, ẹsẹ̀ á wú. Ní Áfíríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń fa irú omi bẹ́ẹ̀ jù lọ. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bongani Mayosi ti South Africa darí, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, kó 1,400 aláìsàn jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Gbogbo wọn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dé àpò ọkàn wọn, tàbí tí àwọn dókítà fura pé òun ni. Nítorí náà, dókítà tó bá kọ́kọ́ ro ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ìgbà tí aláìsàn lo oògùn tán tí omi tún padà. Fífa omi náà wò nìkan kì í sábà tú àṣírí jẹjẹrẹ yìí. Àfi kí wọ́n gé díẹ̀ lára àpò náà lọ yẹ̀ wò, iṣẹ́ abẹ nìyẹn, owó ńlá sì ni. Kódà nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ikú wọn ni wọ́n tó mọ̀. Ẹni tí wọ́n sin láìyẹ̀ ẹ́ wò kò lè sí nínú ìwé kankan.

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ńkọ́, ohun tí wọ́n ń wà nílẹ̀ fi ṣe òrùlé, èyí tí ẹni tó gbọ́ Faransé ń pè ní amiante: ṣé òun ló ń fa jẹjẹrẹ yìí? Ní 1960, J. C. Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa aláìsàn 33 láti agbègbè Cape ní South Africa, níbi tí wọ́n ti ń wa asibẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù. Awọ ẹ̀dọ̀fóró ni jẹjẹrẹ tiwọn wà, ó sì jọ pé gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan, ló ti fi ara kan eruku náà. Àwọn kan kò ṣiṣẹ́ nínú kòtò rí, ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n kàn gbé. Ti àpò ọkàn kò dá wa lójú tó bẹ́ẹ̀: a rí i lára ẹni tó ṣiṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, a sì rí i lára ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá. N kò ní fi èyí pa mọ́. Ṣùgbọ́n eruku kan náà ni, kò sì sí ẹni tó ń ṣiyèméjì mọ́ nípa ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Faransé fòfin dè é ní 1997, Bìrìtéènì tẹ̀ lé e ní 1999.

Àwọn kan á ní àwọn àgbà gbé abẹ́ òrùlé asibẹ́sítọ́ọ̀sì, wọ́n sì dàgbà dàrúgbó. Òótọ́ ni, páànù tó ṣì le dáadáa kì í sábà tú eruku púpọ̀ sílẹ̀. Ayùn, òòlù àti ìgbálẹ̀ gbígbẹ ló ń tú u. Kétu, ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè Nàìjíríà ló wà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń kọjá lọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta àti Èkó tipẹ́, níbi tí irú òrùlé yìí ti pọ̀. Láti 1959 ni ilé iṣẹ́ Nigerite, tó ń ṣe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ti wà ní Ìkẹjà. Àìsàn yìí sì lè lo ogún sí àádọ́ta ọdún kó tó yọjú. Ẹni tó gé páànù l'Ékòó nígbà ọ̀dọ́ lè jẹ́ ilé ìwòsàn Pobè ni yóò gbé èémí rẹ̀ lọ lọ́jọ́ ogbó, kò sì ní rántí eruku. Ìbéèrè méjì péré, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ló yẹ kí dókítà fi kún ti ikọ́ ẹ̀gbẹ: “Bàbá, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ta ló sì ń fọ aṣọ iṣẹ́ yín?” Aya tó fọ aṣọ náà wà nínú ewu pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì fẹ́ tú òrùlé àtijọ́ palẹ̀ lónìí, kó fi omi rin ín kó tó fọwọ́ kàn án, kó tú u ní odindi láìfọ́ ọ, kó má sì fi àfọ́kù rẹ̀ ṣe àga tàbí ọ̀nà àbáwọlé.